ÌDÚRÓ ẸSẸ̀ ÀTI ÌLERA ỌPỌLỌ: Ẹ̀TỌ́ TÍ ARA NÍ LỌ́RÙN WA



Ọpẹ́ ni fún Ọlọ́hun Ọba Aṣẹ̀dá, Ẹni tí ó mọ ènìyàn láti ara amọ̀, tí ó fún un ní ojú, etí àti ọpọlọ, tí ó sì jẹ́ kí ó lè dìde dúró lórí ẹsẹ̀ méjì péré. Kí ìkẹ́ àti ọlà Ọlọ́hun máa bá Ànábì wa Muhammad, àwọn ará ilé rẹ̀, àwọn sàábé rẹ̀, àti gbogbo ẹni tí ó tọ ojú ọ̀nà wọn títí di ọjọ́ ìkẹyìn.

Ẹ̀yin ará wa nínú Isilaamu, ẹ̀yin tí ẹ ń gbọ́ wa nínú ilé, ẹ̀yin tí ẹ wà nínú ọkọ̀, ẹ̀yin ìyá wa tí ẹ ń dáná ìṣínu lọ́wọ́, a kí yín kú àwẹ̀. Ọlọ́hun á gbà á lọ́wọ́ gbogbo wa.

Ọ̀rọ̀ tí a mú wá lónìí lè ya ẹlòmíràn lẹ́nu. Ọ̀rọ̀ nípa bí ènìyàn ṣe ń dúró láìṣubú ni, àti bí fífi ìdúró náà dánra wò ṣe ń ṣe ọpọlọ lóore. Ẹnì kan lè sọ pé, "Kí ló kan àáfà nínú ọ̀rọ̀ ẹsẹ̀ àti ọpọlọ? Ṣé iṣẹ́ dókítà kọ́ nìyẹn?" Òótọ́ ni. Ṣùgbọ́n ara tí a fi ń gba àwẹ̀, tí a fi ń kírun, àmáánà ni, ohun ìfipamọ́ tí Ọlọ́hun fi sí wa lọ́wọ́ ni. Nígbà tí Abdullahi ọmọ Amr, ọ̀kan nínú àwọn sàábé, ń gba àwẹ̀ lójoojúmọ́, tí ó ń fi gbogbo òru kírun, Ànábì wa pè é, ó sì jẹ́ kó mọ̀ pé ara rẹ̀ ní ẹ̀tọ́ lórí rẹ̀, ojú rẹ̀ ní ẹ̀tọ́, ìyàwó rẹ̀ náà ní ẹ̀tọ́. Bí ara bá ní ẹ̀tọ́, ọpọlọ tó ń darí ara kò ní ṣàì ní tirẹ̀.

OHUN TÓ ṢẸLẸ̀ SÍ ÀWA FÚNRA WA

Ẹ jẹ́ kí a fi ara wa ṣe àpẹẹrẹ. Ní ọdún 2021, lọ́sàn-án ọjọ́ kan, a ń ṣe àlùwàlá ìrun Aláásárì. A ti fọ ọwọ́, a ti fọ ojú, a ti pa orí. Ó ku ẹsẹ̀. Bí a ti ń ṣe láti ìgbà èwe, a gbé ẹsẹ̀ ọ̀tún sókè kí a da omi sí i, ẹsẹ̀ òsì nìkan ló wà lórí sìmẹ́ǹtì. Kí a tó mọ ohun tó ń ṣẹlẹ̀, kẹ́tùlù ti lọ sí apá kan, àwa náà ti lọ sí apá kan.

Alihamudulilahi, egungun kankan kò ṣẹ́. Ìbàdí ló wú díẹ̀, ojú sì tì wá nítorí pé àwọn ọmọ kéwú ń wò wá. Ṣùgbọ́n ohun tó tẹ̀ lé e burú ju ìṣubú náà lọ. Ẹ̀rù ni. Láti ọjọ́ náà ni a ti bẹ̀rẹ̀ sí í di ògiri mú. A kò lọ sí mọ́ṣáláṣí fún Àsùbáà mọ́, a ní ilẹ̀ ṣókùnkùn. Àwọn ọmọ wa ra àga, wọ́n ní kí a máa jókòó kírun. Bí a bá fẹ́ mu omi, ọmọ-ọmọ á sáré gbé e wá. Wọ́n ń ṣe é pẹ̀lú ìfẹ́, àwa náà sì ń gbádùn rẹ̀. Oṣù méjì kò tíì pé tí orúnkún wa fi ń gbọ̀n bí a bá fẹ́ dìde lórí ẹní.

Nígbà tí a dé ọ̀dọ̀ àwọn tó ń tọ́jú iṣan àti eegun, arábìnrin tó yẹ̀ wá wò ní kí a dúró lórí ẹsẹ̀ kan. A kò lè ju ìṣẹ́jú-àáyá 4 lọ. Ó rẹ́rìn-ín músẹ́, ó ní, "Bàbá, ẹsẹ̀ yín kò ní àrùn. Ọpọlọ yín ló ń gbàgbé iṣẹ́ yìí, nítorí pé ẹ kò fún un ṣe mọ́. Ẹ jẹ́ ká tún un kọ́."

Ọ̀rọ̀ yẹn wọ̀ wá lára. Àwa tí a ti ń kọ́ ọmọ ní kéwú láti ọjọ́ pípẹ́, a mọ ohun tí àtúnkọ́ jẹ́. Ohun tí a kò mọ̀ ni pé ìdúró náà wà lára ohun tí ọpọlọ ń kọ́. Ìdí nìyí tí a fi wádìí ọ̀rọ̀ náà, tí a sì fi ní kí a pín in pẹ̀lú yín.

ÀÀRÒ MẸ́TA TÓ GBÉ WA RÓ

Nínú Suuratul-Infitaar, Ọlọ́hun rán ọmọ ènìyàn létí pé Òun ló dá a, tí Ó tò ó, tí Ó sì mú un ṣe déédéé. Ọ̀rọ̀ tí Ó lò fún ṣíṣe déédéé yẹn, inú ìdílé kan náà ló ti jáde pẹ̀lú "adl", èyí tí a mọ̀ sí ìdọ́gba àti òdodo nínú ìdájọ́. Lára ohun tí àwọn olùtúmọ̀ Àlùkùránì rí nínú rẹ̀ ni ìdúró ènìyàn tó gún régé, tí ọwọ́ bá ọwọ́ dọ́gba, tí ẹsẹ̀ bá ẹsẹ̀ dọ́gba.

Ẹ wò ó, àga ní ẹsẹ̀ mẹ́rin. Màlúù ní mẹ́rin. Àwọn àgbà sì sọ pé ààrò mẹ́ta kì í da ọbẹ̀ nù. Àwa ènìyàn, méjì péré la ní, bí a bá sì ń rìn, ọ̀kan ló sábà máa ń wà nílẹ̀. Kí ló wá ń gbé wa dúró tí a kì í fi í dojú bolẹ̀? Àwọn onímọ̀ ti jẹ́ ká mọ̀ pé ààrò mẹ́ta ni Ọlọ́hun fi pamọ́ sínú ara wa.

Ààrò kìíní ni ojú. Ojú ń wo ògiri, ó ń wo ilẹ̀, ó ń sọ fún ọpọlọ pé, "A gún" tàbí "A ti ń tẹ̀."

Ààrò kejì ni etí. Ọ̀pọ̀ wa rò pé kí a fi gbọ́ràn nìkan ni Ọlọ́hun ṣe ṣẹ̀dá etí. Nínú etí lọ́hùn-ún, ọ̀pá tíntìntín mẹ́ta wà níbẹ̀ tí wọ́n tẹ̀ kọrọdọ, omi sì wà nínú wọn. Bí a bá yí orí, omi náà á yí. Àpò kéékèèké méjì tún wà tí ohun bí òkúta wẹ́wẹ́ wà nínú wọn, àwọn ló ń mọ̀ bí orí bá tẹ̀ tàbí bí ọkọ̀ bá gbéra. Iṣẹ́ ìwádìí lórí ibi yìí ni wọ́n torí ẹ̀ fún dókítà ará Ọ́síríà kan, Robert Bárány, ní ẹ̀bùn Nobel ti ọdún 1914. Ẹ rántí ìgbà tí a wà lọ́mọdé tí a ń yí òòyì. Bí a bá dúró lójijì, ilé á ṣì máa yí lójú wa. Omi inú etí ni kò tíì dúró, òun ló ń parọ́ fún ọpọlọ.

Ààrò kẹta ni àtẹ́lẹsẹ̀, ọrùn-ẹsẹ̀, oríkèé àti iṣan. Ẹ di ojú yín, ẹ gbé ọwọ́ sókè. Ṣé ẹ kò mọ ibi tí ọwọ́ náà wà láìwò ó? Ìmọ̀ tó wà nínú iṣan àti oríkèé nìyẹn.

Àwọn mẹ́tẹ̀ẹ̀ta wọ̀nyí ń ránṣẹ́ sí ọpọlọ ní gbogbo ìgbà. Ibi tó ń ṣe iṣẹ́ náà jù ni ọpọlọ kékeré tó wà lẹ́yìn orí, lókè ìpàkọ́. Kò ju nǹkan bí ìdá kan nínú mẹ́wàá ìwọ̀n ọpọlọ lọ. Ṣùgbọ́n nígbà tí àwọn onímọ̀ ní Bùràsíìlì ka sẹ́ẹ̀lì ọpọlọ tó ń gbé iṣẹ́ kiri, tí wọ́n gbé àbájáde rẹ̀ jáde ní ọdún 2009, wọ́n rí i pé nínú nǹkan bíi bílíọ̀nù 86, nǹkan bíi bílíọ̀nù 69 ló wà nínú ọpọlọ kékeré yìí. Subihanallahi! Ibi tí a rò pé ó kéré ni Ọlọ́hun kó òṣìṣẹ́ sí jù.

Bí ọjọ́ orí bá ń lọ, ààrò mẹ́tẹ̀ẹ̀ta á máa rẹ̀ sílẹ̀. Ojú á di bàìbàì. Inú etí á rẹ̀. Àtẹ́lẹsẹ̀ lè kú tipiri, pàápàá lára ẹni tí ó ní àtọ̀gbẹ. Ọlọ́hun ti sọ ọ́ fún wa nínú Suuratur-Ruum pé láti inú àìlera la ti wá sínú agbára, láti inú agbára a ó sì padà sínú àìlera àti ewú. Ta ló lè bá A jiyàn? Ṣùgbọ́n bí ààrò bá ń mì, ọlọ́bẹ̀ tó mọṣẹ́ á mọ bí òun ṣe máa gbé ìkòkò kà á. Ọpọlọ ni ọlọ́bẹ̀ náà. Ìbéèrè tó kù ni pé, ṣé ó ṣì lè kọ́ṣẹ́ bí ènìyàn bá ti dàgbà?

ỌPỌLỌ Ń KỌ́ Ọ, Ó SÌ Ń GBÀGBÉ

Ẹ wo ọmọ tó ń ta tẹ́ẹ́tẹ́ẹ́. Á dìde, á ṣubú, á tún dìde. Ẹsẹ̀ nìkan kọ́ ló ń le, ọpọlọ ló ń kàwé. Ẹ wo ẹni tó ń kọ́ kẹ̀kẹ́ gígùn: lọ́jọ́ àkọ́kọ́, inú igbó ló ń bọ́ sí, ṣùgbọ́n bó bá ti mọ̀ ọ́n, bó pẹ́ ogún ọdún kó tó tún gùn ún, ó ṣì máa gùn ún. Ẹ wo ìyá tó ru agbada ẹ̀kọ lórí láìfọwọ́ kàn án, tó ń polówó, tó ń ka owó, tó sì pọn ọmọ sẹ́yìn. Iṣẹ́ ọpọlọ tó ga ni gbogbo rẹ̀.

Láyé àtijọ́, àwọn onímọ̀ pàápàá gbà pé ọpọlọ àgbà ti dà bí amọ̀ tí wọ́n ti sun, pé kò ṣeé mọ mọ́. Ní ọdún 2004, àwọn oníwàádìí ní Jámánì kọ́ àwọn ọ̀dọ́ kan bí a ṣe ń ju bọ́ọ̀lù mẹ́ta sókè léraléra, tí a ó máa hán an láìjẹ́ kí ó bọ́. Wọ́n fi oṣù mẹ́ta kọ́ ọ. Nígbà tí wọ́n fi ẹ̀rọ ya àwòrán ọpọlọ wọn, apá ibi tó ń fojú tọpa ohun tó ń lọ ti nípọn sí i. Wọ́n wá ní kí wọ́n dáwọ́ dúró fún oṣù mẹ́ta. Nígbà tí wọ́n tún un yà, èyí tó pọ̀ sí i náà ti ń fà sẹ́yìn. Ní ọdún 2008, wọ́n gbìyànjú rẹ̀ lára àwọn tó tó nǹkan bí ẹni ọgọ́ta ọdún. Ó le fún wọn láti mọ̀ ọ́n ju ti àwọn ọ̀dọ́ lọ, ṣùgbọ́n ọpọlọ tiwọn náà yí padà. Amọ̀ náà ṣì tutù.

Ó tún kan ìdúró gan-an. Ní ọdún 2010, ní ìlú Leipzig ní Jámánì kan náà, wọ́n ní kí àwọn kan máa dúró lórí pákó tó ń mì, ìṣẹ́jú 45 lẹ́ẹ̀kan lọ́sẹ̀, fún ọ̀sẹ̀ mẹ́fà. Lẹ́yìn ẹ̀ẹ̀kejì péré ni àyípadà ti bẹ̀rẹ̀ sí í hàn nínú àwòrán ọpọlọ wọn. Ní ọdún 2017, ní ìlú Hamburg, wọ́n kó àgbàlagbà 40 jọ, láti ẹni ọdún 19 sí ẹni ọdún 65. Apá kan ń ṣe ìdánrawò ìdúró ní ẹ̀ẹ̀mejì lọ́sẹ̀ fún ọ̀sẹ̀ 12. Apá kejì ń kọ́ bí a ṣe ń dẹ ara sílẹ̀. Nígbà tí wọ́n dán wọn wò, àwọn tó ṣe ìdánrawò ìdúró ni wọ́n tẹ̀ síwájú nínú ìrántí, àti nínú mímọ ibi tí nǹkan wà àti bí a ṣe ń mọ̀nà. Àlàyé tí àwọn onímọ̀ rò sí i ni pé ọ̀nà kan wà láti inú etí tó ń mú wa dúró lọ sí ibi tí ọpọlọ ń kó ìrántí pa mọ́ sí.

Ẹ̀yin tí ẹ ti há Àlùkùránì sórí, ọ̀rọ̀ yìí kò ṣàjèjì sí yín. Ànábì ti kìlọ̀ fún wa pé Àlùkùránì máa ń tètè bọ́ lọ́wọ́ ẹni tí kò bá tún un kà, ju bí ràkúnmí ṣe ń já kúrò nínú okùn lọ. Ẹni tó há ìsìpà mẹ́wàá tí ó fi í sílẹ̀ fún ọdún kan, ẹ ní kó dìde síwájú àwọn èrò mọ́ṣáláṣí kó kà á, ẹ ó rí ohun tójú rẹ̀ máa rí. Bẹ́ẹ̀ gẹ́lẹ́ ni ìdúró ẹsẹ̀. Ohun tí a kò bá tún ṣe, ọpọlọ á tú okùn rẹ̀ sílẹ̀.

Ṣùgbọ́n ẹ má ṣì wá gbọ́ o. A kò sọ pé ẹni tó bá ń dúró lórí ẹsẹ̀ kan kò ní gbàgbé nǹkan láéláé, tàbí pé ó ń wo àrùn arúgbó tó ń mú kí ènìyàn má dá ọmọ rẹ̀ mọ̀ mọ́. Àwọn onímọ̀ náà kò sọ bẹ́ẹ̀. Ẹni tó bá ń ta oògùn fún yín pẹ̀lú irú ọ̀rọ̀ bẹ́ẹ̀, ẹ sá fún un. Ànábì wa máa ń wá ìṣọ́ lọ́dọ̀ Ọlọ́hun kúrò níbi ọjọ́ ogbó tó burú jù. Àdúà yẹn ni a gbọ́dọ̀ dì mú. Ìdánrawò jẹ́ ọ̀kan nínú àwọn ohun tí a fi ń ti àdúà lẹ́yìn, gẹ́gẹ́ bí ẹni tó béèrè nípa ràkúnmí rẹ̀, tí Ànábì ní kó dè é, kó sì gbára lé Ọlọ́hun.

ÌṢUBÚ ÀGBÀ KÌ Í ṢE ERÉ

Yorùbá ní bí ọmọdé bá ṣubú, á wo iwájú. Bí àgbà bá ṣubú, á wo ẹ̀yìn. Àgbà mìíràn sì wà tó jẹ́ pé bó bá ṣubú, kò ní lè dìde wo ibì kankan. Ìtan á ṣẹ́, ó di orí bẹ́ẹ̀dì. Láti orí bẹ́ẹ̀dì, ẹ mọ ibi tó máa ń já sí.

Àjọ Ìlera Àgbáyé, tí wọ́n ń pè ní WHO, ṣírò rẹ̀ pé ẹni 684,000 ni ìṣubú ń pa lọ́dọọdún káàkiri ayé. Èyí tó ju ìdá 80 nínú ọgọ́rùn-ún lọ ló jẹ́ ará àwọn orílẹ̀-èdè tí kò lówó púpọ̀, bíi tiwa. Bẹ́ẹ̀ ó ṣeé dín kù. Ní ọdún 2019, àwọn onímọ̀ kó ìwádìí 108 jọ láti orílẹ̀-èdè 25, tó kan àgbà tó lé ní 23,000. Wọ́n rí i pé ìdánrawò ara, pàápàá èyí tó ń kọ́ni ní ìdúró, ń dín ìṣubú kù ní nǹkan bí ìdá kan nínú mẹ́rin. Ìyẹn ni pé níbi tí ènìyàn ìbá ti ṣubú lẹ́ẹ̀mẹrin, ó di ẹ̀ẹ̀mẹta. Ẹ̀ẹ̀kan tó kù yẹn lè jẹ́ èyí tí ìtan ì bá fi ṣẹ́.

Ní ọdún 2022, wọ́n gbé ìwádìí kan jáde láti Bùràsíìlì lórí ẹni 1,702 tó wà láàárín ọdún 51 sí 75. Wọ́n ní kí oníkálukú dúró lórí ẹsẹ̀ kan fún ìṣẹ́jú-àáyá 10. Nǹkan bí ẹnì kan nínú márùn-ún ni kò lè ṣe é. Láàárín nǹkan bí ọdún méje tí wọ́n fi tọpa wọn, ikú pọ̀ láàárín àwọn tí kò lè dúró ju àwọn tó lè dúró lọ. Ẹ̀yin ará, ẹ má ṣe fi èyí dẹ́rù ba ara yín. Ẹsẹ̀ kan kọ́ ló ń dá ọjọ́ ikú, ọwọ́ Ọlọ́hun ni àjálì wà. Àmì ni. Bí ẹsẹ̀ kò bá lè dúró, ó ń sọ fún wa pé nǹkan kan nínú ara ń fẹ́ ìtọ́jú.

ÌRUN TÍ A KÒ FI WÀDÙWÀDÙ KÍ

Ní ibi tí ọ̀rọ̀ dé yìí, a fẹ́ fa ara wa létí, àwa lèmọ́ọ̀mù ṣáájú. Ọkùnrin kan wọ mọ́ṣáláṣí Ànábì, ó kírun wàràwàrà. Nígbà tó kí Ànábì, Ànábì ní kó padà lọ kírun, nítorí pé kò tíì kírun. Ẹ̀ẹ̀mẹta ni ó dá a padà. Lẹ́yìn náà ló kọ́ ọ pé kí ó tẹ̀ ní rukúù títí ara rẹ̀ á fi balẹ̀, kí ó dìde títí á fi dúró gún, kí ó foríkanlẹ̀ títí ara á fi balẹ̀, kí ó jókòó títí ara á fi balẹ̀. Ìfarabalẹ̀ yìí, "tumọ́níínà," òpó ìrun ni.

Ẹ wá ṣírò rẹ̀. Ráká 17 ni ọ̀ranyàn ojúmọ́ kan. Ẹ̀ẹ̀mẹtàdínlógún ni a ń ti ìdúró lọ sílẹ̀. Ẹ̀ẹ̀mejìlá ni a ń ti ilẹ̀ dìde dúró padà. Bí a bá parí, a ó yí ọrùn sí ọ̀tún, a ó yí i sí òsì. Nínú oṣù yìí, àṣàmù tún lé e. Ṣé ẹ rí i? Ojú, etí, àtẹ́lẹsẹ̀, orúnkún, gbogbo ààrò ló ń ṣiṣẹ́. Ṣùgbọ́n bí a bá ń já bọ́ sílẹ̀ bí àpò gàrí, tí a ń fò dìde bí ẹni tí èèrùn ta, ìrun ti bàjẹ́, ara náà kò sì jèrè.

A ní láti sọ eléyìí kó yé wa: a kò kírun nítorí eré ìdárayá. Ẹni tó bá fi èrò yẹn kírun ti sọ nǹkan ńlá di kékeré. Nítorí Ọlọ́hun la ṣe ń kírun. Ṣùgbọ́n ẹni tó bá kí i bí Ànábì ṣe kọ́ wa, Ọlọ́hun Ọlọ́rẹ kì í pa á láṣẹ kó má ṣe ara rẹ̀ lóore.

Ẹ̀YIN ỌMỌ, Ẹ JẸ́ KÍ BÀBÁ DÌDE

Àga ti pọ̀ nínú mọ́ṣáláṣí wa. Ẹni tí kò lè dúró, kó jókòó; ẹni tí kò lè jókòó, kó fẹ̀gbẹ́ lélẹ̀. Ànábì ló fún wa ní ìrọ̀rùn yẹn, ẹnikẹ́ni kò gbọdọ̀ fi ojú kéré ẹni tó lò ó. Ṣùgbọ́n ẹni tó ṣì lè dúró, tó jẹ́ pé ẹ̀rù tàbí ìgbádùn ló gbé e jókòó, ìyẹn ń ta ẹsẹ̀ rẹ̀ lọ́pọ̀. Ẹ béèrè lọ́wọ́ dókítà kí ẹ tó ra àga.

Ẹ̀yin ọmọ tí ẹ ń tọ́jú òbí, Ọlọ́hun á san yín lẹ́san. Ṣùgbọ́n ìtọ́jú kì í ṣe kí á so bàbá mọ́ àga. Bí Màmá bá fẹ́ bu omi fúnra wọn, ẹ jẹ́ kí wọ́n bù ú, ẹ dúró sẹ́gbẹ̀ẹ́ wọn. Bí Bàbá bá fẹ́ rìn dé ẹnu ọ̀nà, ẹ bá wọn rìn. Ẹ tan iná sí ọ̀nà ilé ìwẹ̀. Ẹ nu omi orí sìmẹ́ǹtì. Ẹ fún wọn ní àpótí tí wọ́n á jókòó lé ṣe àlùwàlá, kò sí ẹ̀ṣẹ̀ níbẹ̀. Ẹ mú ohun tó ń gbé wọn ṣubú kúrò, ẹ má ṣe mú ìrìn kúrò.

BÍ A ṢE LÈ ṢE É

WHO gbà ní ìyànjú ní ọdún 2020 pé kí ẹni ọdún 65 sókè máa ṣe irú ìdánrawò yìí ó kéré tán ní ọjọ́ mẹ́ta lọ́sẹ̀. Èyí tí wọ́n kọ́ wa nìyí. Ẹ ṣe é nítòsí ògiri, kí ẹnì kan wà nítòsí.

1. Ẹ pa ẹsẹ̀ méjèèjì pọ̀, ẹ dúró gún. Bó bá rọrùn, ẹ gbé ẹsẹ̀ kan síwájú èkejì, kí gìgísẹ̀ ti iwájú kan ọmọ-ìka ti ẹ̀yìn.

2. Ẹ gbé ẹsẹ̀ kan kúrò nílẹ̀ díẹ̀. Ẹ rọra ṣe "Subihanallahi" ní ẹ̀ẹ̀mẹwàá, kí ẹ tó pààrọ̀ ẹsẹ̀. Ahọ́n ń gba láádá, ọpọlọ ń ṣe iṣẹ́ méjì pọ̀.

3. Ẹ dìde lórí àga láìfi ọwọ́ tì í, ẹ tún rọra jókòó. Ẹ̀ẹ̀marùn-ún sí ẹ̀ẹ̀mẹwàá.

4. Ẹ rìn ní ìṣísẹ̀ mẹ́wàá lórí ìlà kan, gìgísẹ̀ níwájú ọmọ-ìka.

5. Ẹ fi ọwọ́ ọ̀tún kan orúnkún òsì, ọwọ́ òsì kan orúnkún ọ̀tún, ní àtẹ̀léra. Ẹni tó bá fẹ́, kó ju ọsàn láti ọwọ́ kan sí èkejì, kó máa hán an.

Nínú àwẹ̀, ẹ má ṣe é ní ìrọ̀lẹ́ nígbà tí omi ti gbẹ lára. Lẹ́yìn ìṣínu tí oúnjẹ ti lọlẹ̀ ló dára. Ẹni tí òòyì ń kọ́, ẹni tó ti ní àrùn rọpárọsẹ̀, ẹni tó ń lo oògùn ẹ̀jẹ̀ ríru tàbí ti àtọ̀gbẹ, kó kọ́kọ́ rí dókítà.

Ẹ má sì gbàgbé àwọn ọmọdé. Ibn Siinaa, oníṣègùn ńlá Mùsùlùmí tó kú ní ọdún 1037, ka fífi ẹsẹ̀ kan fò mọ́ ara eré ìdárayá nínú ìwé rẹ̀ Al-Qaanuun. Kí ni sùwẹ̀ tí àwọn ọmọbìnrin wa ń fò nílẹ̀ẹ́lẹ̀, bí kò ṣe ohun kan náà? Ẹ gba fóònù lọ́wọ́ wọn fún wákàtí kan, ẹ jẹ́ kí wọ́n fò ó. Kálámù àti wàláà náà wà níbẹ̀: ojú ń wò, ọwọ́ ń kọ, ahọ́n ń kà. Ìfọwọ́sowọ́pọ̀ ọpọlọ àti ara ni.

Ní tiwa, oṣù mẹ́ta ni a fi dá ẹsẹ̀ padà sí ìṣẹ́jú-àáyá 20. Ẹsẹ̀ òsì kò tíì tó bẹ́ẹ̀, ó ń kọ́ ọ bọ̀. A ti padà sí mọ́ṣáláṣí fún Àsùbáà, pẹ̀lú tọ́ọ̀ṣì lọ́wọ́. Àga tí àwọn ọmọ rà ṣì wà nínú pálọ̀, àlejò ló ń jókòó lé e. Bí ọjọ́ tí a ó nílò rẹ̀ bá dé, a ó jókòó, a ó sì dúpẹ́. Ṣùgbọ́n títí di ọjọ́ náà, lórí ẹsẹ̀ tí Ọlọ́hun fún wa ni a fẹ́ máa dúró síwájú Rẹ̀.

Ọlọ́hun, má ṣe jẹ́ kí ìṣubú jẹ́ òpin àgbà wa. Fún wa ní ọpọlọ tó jí pépé, àti ẹsẹ̀ tí kò ní yẹ̀, ní ayé àti lórí afárá àlùkìyámọ̀. Fún àwọn ọmọ wa ní ọgbọ́n tí wọn yóò fi tọ́jú wa láìso wá mọ́lẹ̀. Gba àwẹ̀ wa, gba ìdìde wa, gba ìforíkanlẹ̀ wa. Aamiin.

Wa as-salaamu alaykum wa rahmatullaahi wa barakaatuhu.